Ọ̀bẹ Ogun Ládòkun Nínú Igbó Àìdákẹ́

Ẹ fún mi láyè díẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n fẹ̀yìn ti ògiri yìí dáadáa. Ẹni tó bá ní iṣu lórí iná, kí ó lọ sọ̀ ọ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ké, kí ó gbé e pọ̀n. Èmi Ọdẹ́dínà ọmọ Ògúnkẹ́yẹ, ọdẹ tí ẹkùn pàdé lọ́nà tó yí padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, èmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde láàárín rẹ̀. Mo ti sọ ti ẹran tí mo pa fún yín títí ó fi sú yín. Ti òní kì í ṣe ti ẹran. Ti ọ̀bẹ kan ni, ọ̀bẹ ogun tó ti dípẹtà, àti ti obìnrin tó ń dúró dè é.

Ẹ mọ̀ mí sí ọdẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ilé àgbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ẹ̀gbẹ́ iná bàbá rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìjókòó. Kí n tó mọ ẹsẹ̀ ìgalà yàtọ̀ sí ti ẹtu ni mo ti mọ irin tí iná jẹ jù àti irin tí iná kò jẹ tó. Nígbà tí àwọn sójà wa tó bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ogun Bọ́mà lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í darúgbó, tí àwọn ọmọ wọn ń kó ẹrù wọn síta, àwọn tó ń ṣa ọ̀bẹ ogun jọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ìlú ńlá. Ibi tí oyin bá wà, eṣinṣin kì í wọ́n níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń wá ni àwọn ẹlẹ́tàn ń rọ ọ̀bẹ tuntun, wọ́n á rì í sínú omi iyọ̀ kí ó lè dípẹtà, wọ́n á ní ọ̀bẹ Bọ́mà ni. Ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ ń já sí. Èmi kì í kọ́kọ́ wo ọ̀bẹ rárá. N ó gbé e lé orí ìka kí n mọ ibi tó ti dọ́gba, nítorí ọ̀bẹ tí wọ́n rọ fún ogun kì í tẹ̀ síwájú bí àdá oko. Ìdí èèkù ló ti ń dọ́gba, kí ó lè tètè yí lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú. Lẹ́yìn náà ni n ó wá àmì ọfà kékeré tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń lù sára ohun ìjà wọn. Àmì tí wọ́n fi òòlù lù máa ń rì wọnú irin ṣinṣin. Èyí tí ẹlẹ́tàn bá jókòó fín máa ń rí wúruwùru bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí ẹrẹ̀. N ó wá gbóòórùn àkọ̀ rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Awọ tó ti mu òógùn ìbàdí ọkùnrin láti ọdún gbọọrọ kì í rùn bí awọ tí wọ́n fi epo pa láàárọ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ọ̀bẹ tàn mí jẹ ní gbogbo ilẹ̀ Ìlórò yìí, bí ẹ bá sì mọ ẹni tó lè ṣe é, ẹ pè é wá.

Nítorí ìmọ̀ yìí ni Màmá Àyọ̀ká ṣe wá bá mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ̀yin ọmọdé kò mọ̀ ọ́n. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó ń dá gbé lẹ́yìn odi, tí ọjọ́ orí ti tẹ̀ bí ọwọ́ ọ̀pẹ tí òjò pa. Ọkọ rẹ̀, Ládòkun, jẹ́ sójà. Ọta ìbọn ba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ ní Bọ́mà, ṣùgbọ́n ó darí wálé, ó sì di ọdẹ. Ìdájí ọjọ́ kan ló wọ Igbó Àìdákẹ́ lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i mọ́. Àwọn ọdẹ wá a títí, wọn kò rí ìbọn rẹ̀, wọn kò rí egungun rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ẹnu ayé yí padà. Wọ́n ní ó ti sá ni. Wọ́n ní ó ti fẹ́ obìnrin mìíràn níbòmíràn, nítorí pé oyún kì í dúró lára Àyọ̀ká. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ẹnu ṣe rí. Kò ní ilẹ̀kùn.

Ó jókòó tì mí, ó ní, “Ọdẹ́dínà, ọmọ mi, ara mi ń sọ fún mi pé n kò ní pẹ́ mọ́. Mo gbọ́ pé o mọ ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ ogun ọkọ mi kò fi ìbàdí rẹ̀ sílẹ̀ rí. Ibi tí ọ̀bẹ náà bá wà, ibẹ̀ ni ó wà. Bá mi wá a.”

Mo ní, “Màmá, ó ti pẹ́ jù.”

Ó ní, “Mo mọ̀ pé ó pẹ́, èmi ni mo kà á. Bí ó bá kú, mo fẹ́ sunkún rẹ̀. Bí ó bá sá, mo fẹ́ dárí jì í. Èyí tí n kò lè ṣe ni kí n má mọ èyí tí n ó ṣe nínú méjèèjì.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju òtútù ọyẹ́ lọ. Mo bi í pé kí ni àmì ọ̀bẹ náà. Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í pé àwọ̀ wo ni afẹ́fẹ́. Ó ní, “Ta ló ń wo ọ̀bẹ? Ojú ọkọ mi ni mo máa ń wò.” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ní kí ó mú mi lọ sí ibi tí Ládòkun ti máa ń pọ́n ọ̀bẹ. Òkúta náà wà lẹ́yìn ilé síbẹ̀, ọ̀bẹ ti jẹ ẹ́ wọnú dáadáa. Mo fọwọ́ pa á, mo sì rí i pé ibi tí òkúta fi jẹ kò tẹ̀ sí apá ibi tí ti gbogbo ènìyàn máa ń tẹ̀ sí. “Màmá,” mo ní, “ọwọ́ òsì ló fi ń pọ́n ọn.” Ó ní, “Ọwọ́ òsì nìkan ló kù fún un. Òun ló fi ń jẹun, òun ló fi ń yìnbọn, òun náà ló fi ń nu ojú mi nígbà tí oyún bá tún wálẹ̀.” Ó kọjú sí ògiri. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ewé.

N kò ní fi ìmúra dá yín dúró. Mo mú ìbọn mi, mo mú ọ̀bẹ tí bàbá ìyá mi rọ fún mi, mo wọ Igbó Àìdákẹ́. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ẹ̀bá rẹ̀ lẹ ti ń ṣẹ́gi, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Nínú lọ́hùn-ún, ewé kì í yé sọ̀rọ̀ bí atẹ́gùn tilẹ̀ dákẹ́. Ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn rẹ. Mo rìn títí mo fi dé odò kan tí omi rẹ̀ dúdú, ẹ̀dá kan sì jókòó lórí òkúta láàárín rẹ̀. Etí ni gbogbo ara rẹ̀! Etí ní orúnkún, etí ní èjìká, etí wẹ́wẹ́ ní orí ìka. Ó ní Agbọ́kún ni orúkọ òun, àti pé ẹni tí kò bá lè dá òun lóhùn kì í la odò òun kọjá, inú rẹ̀ ló ń sùn.

Ó ní, “Kí ni ó ń jẹun tí kò ní ikùn?”

Mo ní, “Ọ̀bẹ ni. Òun ló ń bu ẹran jẹ, ikùn ẹlòmíràn ló ń kún.”

Ó ní, “Kí ni inú iná bí tí ó ń bẹ̀rù omi?”

Mo ní, “Ọ̀bẹ náà ni. Iná kò pa á, ṣùgbọ́n omi á sọ ọ́ di ìpẹtà.”

Etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jì. Ó ní, “Kí ni ó ń bá sójà sùn tí ìyàwó rẹ̀ kì í jowú?”

Mo ní, “O fẹ́ kí n sọ pé ọ̀bẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ pé ìyàwó sójà kì í jowú ọ̀bẹ kò tíì bá ọ̀kan sọ̀rọ̀ rí. Mo ti bá ọ̀kan sọ̀rọ̀. Ó ń jowú rẹ̀ títí dòní, torí pé ọ̀bẹ náà mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà, òun kò mọ̀.”

Gbogbo etí ara Agbọ́kún dúró ṣánṣán. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún mi. Ó ní, “Mo ti ń gbọ́ obìnrin yẹn. Ó máa ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìyẹ̀wù rẹ̀. Máa lọ sí apá ibi àpáta. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní iye tí nǹkan jẹ́, má ṣe sọ èyí tí wọ́n fẹ́ gbọ́.”

Mo la odò náà kọjá, n kò tíì dúpẹ́ tán tí ẹfọ̀n kan fi já jáde láti inú eèsún. Ẹ jọ̀ọ́, ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò gbọ́ òwe yẹn lọ́jọ́ náà! Mo yìnbọn, ìbọn kọ̀. Mo sá, ó gbá tẹ̀ lé mi, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ ní ẹ̀yìn ọrùn mi. Mo yí igi ńlá kan po, ó yí i po. Mo fò, ó fò. Àpáta kan ló là níwájú mi, mo sì ti ara mi bọ inú rẹ̀ bí ìgbín tó ń wọ ìkarawun. Ìwo ẹfọ̀n náà ha òkúta létí mi, iná ṣẹ́. Mo ń sún sẹ́yìn, mo ń sún sẹ́yìn, àfi bí mo ṣe dédé gbọ́ tí irin ń kan irin lẹ́yìn mi, ó ń dún wọ́ọ́rọ́wọ́.

Mo yíjú. Ihò àpáta tó gbòòrò ni, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń wọ̀ ọ́ láti òkè. Ọ̀bẹ ló fi ìtàkùn rọ̀ káàkiri ibẹ̀: ọ̀bẹ ọdẹ, ọ̀bẹ àgbẹ̀, ọ̀bẹ ogun láti ìran dé ìran, gbogbo èyí tó ti bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn nínú igbó. Obìnrin kan dúró láàárín wọn, ó ga tó igi àgbọn, gbòǹgbò igi ni irun rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn nítorí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ó ń fi àkísà nu ọ̀bẹ kan díẹ̀díẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìkòkò kan tó ń kùn bí ilé oyin.

“Aṣọ́rin ni mí,” ó ní. “Ohun tí o fẹ́ mú, mo mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn ti wá ṣáájú rẹ. N ó gbé ọ̀bẹ síwájú rẹ. Sọ irú èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fún mi, kí o sì sọ bó ṣe níye lórí tó. Bí o bá purọ́ lórí ọ̀kan péré, ohùn rẹ á dúró tì mí nínú ìkòkò yìí, ìwọ á máa lọ sílé.”

Ẹ wò mí dáadáa. Èmi Ọdẹ́dínà, kí n padà wálé láìlè sọ̀rọ̀! Ikú ìbá sàn. Mo tẹ́tí sí ìkòkò náà, mo gbọ́ ohùn àwọn oníṣòwò ọ̀bẹ nínú rẹ̀, wọ́n ń parọ́ fún ara wọn, wọ́n ń ná ohun tí kò sí.

Ọ̀bẹ àkọ́kọ́ ń dán, èèkù idẹ, ojú rẹ̀ mú ní ìhà méjèèjì. Ọkàn mi fẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e lé ìka, ó ṣubú síwájú. Mo wo àmì ọfà rẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ adìyẹ. Mo ní, “Ayédèrú ni. Kò rí ogun rí, ọjà ni wọ́n rọ ọ́ fún. Kò níye lórí ju irin rẹ̀ lọ.” Ó gbé èkejì wá. Èyí dọ́gba, àmì rẹ̀ rì, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi yanrìn fọ̀ ọ́ títí ara rẹ̀ fi ń kọ mànà, àmì náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Inú bí mi. Mo ní, “Ojúlówó ni, wọ́n sì ti bà á jẹ́. Ẹni tó fọ̀ ọ́ rò pé òun ń tún un ṣe. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ nu ilà kúrò lójú àgbàlagbà kí ó lè rí bí ọmọdé. Iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ kọ́ ló jẹ́ mọ́.”

Aṣọ́rin gbé ẹ̀kẹta wá. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá rí i lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ mú un. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́, ó pupa bí erùpẹ̀ ilé. Èèkù tí ìjọba fi sí i ti ṣẹ́, ẹnì kan sì ti fi ìwo ìgalà gbẹ́ òmíràn sí i, ó gbẹ́ ẹ wọ́gọwọ̀gọ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan kò ràn án lọ́wọ́. Mo fi àtàǹpàkò tọ ẹnu rẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó. Ibi tó tẹ̀ sí kì í ṣe apá ibi tí ó yẹ. Apá kejì ni. Ọwọ́ òsì ló pọ́n ọn, ní ojoojúmọ́, títí ẹnu rẹ̀ fi tín-ín-rín. Mo kúnlẹ̀.

Mo ní, “Ọ̀bẹ Ládòkun nìyí.”

Ó ní, “N kò bi ọ́ ní ẹni tó ni ín. Báwo ló ṣe níye lórí tó?”

Mo fẹ́ sọ pé ó ju gbogbo ọ̀bẹ lọ. Ẹnu mi ti là. Mo rántí Agbọ́kún. Mo ní, “Lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa ọ̀bẹ jọ, kò tó nǹkan. Wọ́n ti pààrọ̀ èèkù rẹ̀, ìpẹtà ti jẹ àmì rẹ̀. Bí mo bá sọ pé wọ́n á du ú, irọ́ ni mo pa. Ṣùgbọ́n obìnrin arúgbó kan wà ní Ìlórò tó ń dúró dè é. Iye tó jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀bẹ kò dé ibẹ̀.”

Ìkòkò dákẹ́. Ewé igbó tí kì í dákẹ́ dákẹ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, omi ń dà lójú Aṣọ́rin.

“Ó ṣì wà láàyè?” ó ní. “Àyọ̀ká?”

Bó ṣe pe orúkọ náà, mo mọ̀ pé ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ó jókòó, ó sì sọ fún mi. Ó ní Ládòkun wá bó èèpo igi kan tó ń hù lórí àpáta náà, èyí tí wọ́n sọ fún un pé ó máa ń mú oyún dúró. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀, kí ó má baà gbọ́kàn lé e lásán. Ó bó o tán, ẹsẹ̀ yọ̀, ó ré lulẹ̀, itan rẹ̀ ṣẹ́. Aṣọ́rin gbé e wọlé. Ó fún un lómi, ó fi ewé di ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ibà wọ inú egungun. “Ó ń sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ fún mi títí ohùn rẹ̀ fi tán,” ó ní. “Bí ó ṣe ń rìn. Bí ó ṣe ń bínú tí yóò máa fọ abọ́ tó ti mọ́. Ó fi ọ̀bẹ yìí lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n má fún ẹni tó máa tà á, kí n fún ẹni tó bá mọ̀ pé tòun ni.”

Mo ní, “Kí ló dé tí o kò wá sọ fún wa láti ìgbà náà?”

Ó wò mí láìbínú. “Ọdẹ, bí mo bá yọ sí yín lójú ọ̀nà, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?”

Ìbọn mi wà lórí itan mi.

Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn àpáta, ó fi ibi tó sin ín sí hàn mí. Kò sí koríko kan lórí rẹ̀. Láti ọdún wọ̀nyẹn ló ti ń ro ó. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó di ọ̀bẹ náà mọ́ àyà, kò lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Òun nìkan ni mo mọ ìtàn rẹ̀ nínú gbogbo èyí tó wà níbí. Bí ìtàkùn rẹ̀ bá ṣófo, kí ni n ó máa wò?” Mo yọ ọ̀bẹ bàbá ìyá mi. Ẹ̀yin mọ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Mo ní, “Gba èyí. Kì í ṣe ọ̀bẹ ogun. Àléébù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ọwọ́ bàbá àgbà ti ń gbọ̀n nígbà tó rọ ọ́. Iṣẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ ni, ó sì kọ̀ kí ẹlòmíràn bá òun mú òòlù, ó ní ọmọ ọmọ òun ló ni ín.” Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì so ó rọ̀ síbi tó mọ́lẹ̀ jù. Ibẹ̀ ló wà títí dòní, kí ẹ má tún bi mí mọ́ pé ta ló jí i.

Nígbà tí mo dé Ìlórò, Màmá Àyọ̀ká wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. N kò sọ̀rọ̀, mo kàn gbé ọ̀bẹ náà lé e lọ́wọ́. Kò wo àmì, kò wo ẹnu rẹ̀. Ó di èèkù náà mú, ìka rẹ̀ sì bọ́ sínú àwọn ibi tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ti jẹ. Ó gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé orí èèpo igi, ó ní kí n dúró, kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní, “Kò sá.” Ó ké sí obìnrin aládùúgbò rẹ̀, ó ní, “Ṣé ẹ gbọ́? Ládòkun kò sá!” Ìgbà náà ló tó sunkún, a kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dákẹ́. Olúọdẹ kó wa jọ, a fi ọ̀bẹ náà ṣe ètùtù ìkẹyìn tó yẹ ọdẹ fún Ládòkun, ìbọn dún títí ilẹ̀ fi mì.

Ṣùgbọ́n obìnrin náà ní òun kò tíì ṣe tán. Ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó bá òun tọ́jú ọkọ òun. Àwọn kan ní iwin ni, ó léwu. Ó ní, “Iwin tó ń ro koríko lórí ibojì ọkọ mi, ìdílé mi ni.” Ta ló máa dá a lóhùn? A dì í sórí àga, àwa ọdẹ gbé e lé èjìká. Agbọ́kún ti kúrò lórí òkúta rẹ̀ kí a tó dé, omi odò sì fà títí a fi kọjá. A gbé ìbọn wa tì sídìí igi, lókèèrè, èmi ni mo ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ́rin jáde wá pẹ̀lú ìfòyà, ó tẹ orí ba nítorí gíga rẹ̀. Màmá Àyọ̀ká na ọwọ́ sí i. Ó ní, “Ẹ ṣeun, tí ẹ kò jẹ́ kí ó dá nìkan kú.” Aṣọ́rin kúnlẹ̀ fún un, ẹ̀dá tó ga tó igi. Àwọn méjèèjì jókòó ti ibojì náà láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀. Ọ̀kan mọ ìgbà èwe Ládòkun, ìkejì mọ ìparí rẹ̀. Wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ fún ara wọn. A gbọ́ tí wọ́n ń sọkún. Nígbà tó pẹ́, a gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí obìnrin ilé kan náà.

Nígbà tí à ń gbé e bọ̀, ó sun oorun lórí àga, àwa náà sì ń tẹ ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́. A kò tíì jáde nínú igbó tó fi jí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fọwọ́ kan mi léjìká.

“Ọdẹ́dínà,” ó ní, “ebi ń pa mí.”

Mo ní, “Màmá, a ó tó délé.”

Ó ní, “Rárá, ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti lọ, mò ń jẹun ni, ebi kò pa mí rí. Nísinsìnyí ló ń pa mí.”

Ibẹ̀ náà la ti sọ ọ́ kalẹ̀. A dá iná, a sun iṣu, ọdẹ tó ní epo mú epo jáde. Àwa ọkùnrin gìrìpá yí i ká, kò sí ẹni nínú wa tó fọwọ́ kan ìpín tirẹ̀, a kàn ń wò ó títí ó fi jẹ iṣu rẹ̀ tán.